Òjò Ò Rọ̀, Odò Kún

Láti ìgbà tí oṣù kẹsàn-án ti wọlé ni lẹ́tà yín ti ń rọ́ dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì pọ̀ jù nínú wọn: odò ti kún, ibi tí a ti ń gbafẹ́ kò ṣeé dé mọ́. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà mí, ọmọ Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ka òpó òdiwọ̀n létí odò Ògùn, ìyẹn òpó tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára láti ìsàlẹ̀ dókè. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, màá sọ̀kalẹ̀ lọ wo ibi tí omi dé, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá padà sílé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń sọ fún yín.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòṣì ni mí, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù lápá Ìṣẹri. Tí èèyàn bá sọ òkò láti pápá wa, inú odò Ògùn ló máa já sí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí omi ti bo pápá náà, ó ti mu òpó góòlù dé ìdajì. Ohun tó rú mi lójú ni pé ọjọ́ mẹ́fà rèé tí òjò ò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa, omi sì tún ń ga sí i. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù létí títì márosẹ̀. Níbo ni omi yìí ti ń wá? Ìgbà wo ni yóò lọ? Ẹnì kan tún ní òun á fún wa ní iyanrìn típà mẹ́wàá ká fi kún pápá náà. Ṣé ká gbà á?

Kóòṣì, ẹ kú àmójútó ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀mí ni kí n kọ́kọ́ mú: ẹ kó àwọn ọmọ náà kúrò létí títì lónìí yìí. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lórí ilẹ̀ gíga, kí ó yọ̀ǹda àgbàlá wọn fún yín lẹ́yìn aago mẹ́rin. Márùn-ún sí márùn-ún tó wọn títí omi á fi lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn wọ inú omi yẹn lọ mú bọ́ọ̀lù. Wọ́n lè pa á lówe fún yín pé odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ẹja ni òwe náà ń wí, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Omi tó bá ń ṣàn, tó sì dé orúnkún, ó lè gbé géńdé ṣubú.

Ó wá ku ibi tí omi ti ń wá. Kì í ṣe omi Ìṣẹri ló wà lórí pápá yín. Ní òkè Ìgàrán, lẹ́bàá Ṣakí, ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Òkè-Ògùn kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, kó tó kọrí sọ́dọ̀ yín, kó sì tú sínú ọ̀sà Èkó. Gbogbo ìṣàn kékeré tó wà ní ọ̀nà jíjìn yẹn ló ń dá tirẹ̀ sí i. Òjò tó rọ̀ ní Ìsẹ́yìn nígbà tí ẹ̀yin ń sá aṣọ sóòrùn, ẹ̀yìn ọjọ́ mélòó kan lẹ máa tó rí i. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú ọ̀run Abẹ́òkúta kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò láàárọ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń ti òkè bọ̀ ni mo máa ń bi pé, báwo ni òjò ṣe rí lọ́hùn-ún?

Dáàmù tún wà lójú ọ̀nà. Odò Ọ̀yán, tó ń wá pàdé odò Ògùn lókè Abẹ́òkúta, ni wọ́n dí ní nǹkan bí ogún kìlómítà sí ìlú náà. Ní 1983, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ni wọ́n ṣí i. Wọ́n fẹ́ kí Abẹ́òkúta àti Èkó rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ rí omi fi bomi rin oko, kí ó sì máa bá wa dí ọwọ́ àkúnya. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba mílíọ̀nù 270 kúbíkì mítà omi. Ẹ ṣáà mọ táńkà tó ń pín omi káàkiri àdúgbò, èyí tó ń gba 10,000 lítà. Mílíọ̀nù 27 irú táńkà bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri náà nígbà tó bá kún.

Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Tó bá ṣí ẹnu dáàmù jù nínú oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí òjò sì wá ṣe ọ̀gbẹlẹ̀, Èkó àti Abẹ́òkúta á pòùngbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kò bá ṣí i, tó ń dá omi dúró, tí òjò oṣù kẹsàn-án wá dà á lójú, ó di dandan kó tú omi púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí omi bá gba orí ògiri kọjá, ògiri lè lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú u díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí oṣù keje títí dé oṣù kọkànlá. Òun lẹ ń rí lábẹ́ oòrùn gan-an. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè rẹ́ni bínú sí. Mo ti rí ojú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lóru tí omi ń ga, mo sì mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n lè yàn tí kò ní dun ẹnì kan. Ohun tí inú mi ò dùn sí, tí mo sì ti ń wí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ni pé ìkìlọ̀ kì í tètè dé etí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń kó o jáde sórí ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kóòṣì tó ní ọmọ ogójì lọ́rùn ò rí i kà.

Ohun kẹta ni ti àdúgbò yín gan-an. Láti Abẹ́òkúta sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ń tẹ́ sí i ni. Omi tó ń sáré láàárín àpáta lọ́dọ̀ wa, tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, rírìn ló ń rìn, á wá tàn káàkiri. Tó bá fẹ́ wọ inú ọ̀sà, òkun á máa tì í padà, torí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń ga tí ó ń wálẹ̀, ọ̀sà sì ń bá a ga. Ẹ̀yin lẹ wà láàárín omi tó ń bọ̀ láti òkè àti omi tí kò jẹ́ kó kọjá.

Fún ìgbà tí yóò lọ, ẹ wá ọ̀pá ọparun gígùn kan. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i lára ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní etí omi níbi tí ẹsẹ̀ yín á ti dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ máa kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ga láàárọ̀ tó wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó tún ga, ọwọ́ òkun nìyẹn. Bí ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ bá jọ ń wálẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, odò ti ń fà. Nínú ìwé tí mo kọ fún ọdún mọ́kànlélógún, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni omi máa ń ga jù, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà nínú oṣù kọkànlá. Ẹ má retí pápá náà kó tó di oṣù kejìlá.

Tí omi bá wá lọ tán, ẹ má tíì kó ọmọ wọ ibẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní àárín pápá. Bí omi bá sun jáde sínú ojú ẹsẹ̀ yín, ẹ padà sílé. Ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn ín já, pẹ̀lú bàtà òjò àti igi lọ́wọ́, torí omi máa ń kó ìgò fífọ́ àti irin wá, ejò sì máa ń sá sábẹ́ pàǹtí tó bá kó jọ. Ẹ wo òkè pẹ̀lú, bóyá wáyà iná já. Ọmọ tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀, kó dúró sílé, torí ìtọ̀ eku inú omi bẹ́ẹ̀ máa ń kó àrùn gba ojú egbò wọ ara. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹ ohunkóhun, nítorí onígbáméjì. Ti àtọ̀sí ajá náà wà níbẹ̀. Ní àwọn abúlé tó yí adágún Ọ̀yán ká, kò ṣàjèjì kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, ìgbín kékeré inú omi tó dúró sójú kan ló sì ń bí kòkòrò rẹ̀. Bí ẹ bá rí i lára ọmọ kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

Ti iyanrìn típà mẹ́wàá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ má gbà á. Ibi tí pápá yín wà, ilé odò ni, ó kàn ń yá yín lò fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún ni. Ibi tí ẹ bá kún, omi tí kò rí ibẹ̀ dúró á yà sí ilé ẹlòmíì, bóyá ilé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi owó náà ra òpó góòlù onírin tó ṣeé hú, kí ẹ máa gbé e lọ síbi gíga ní ìparí oṣù kẹjọ. Kí ẹ sì to ìdíje yín sí àárín oṣù kejìlá àti oṣù kẹfà. Àwọn apẹja Ìṣẹri mọ àsìkò wọn bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ kú àsìkò yìí, Bàbá. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ọmọ Òṣogbo ni ìyá mi. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́fà, wá síbi ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Ìyá mi máa ń sọ bí àwọn ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ omi nínú igbó Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní omi náà ti pọ̀ jù, ó sì ti pọ́n. Ṣé àwọn ọmọ lè wọ inú rẹ̀? Ṣé wọ́n lè mu níbẹ̀ bí ìyá mi ṣe mu?

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ kú ìrántí ilé. Inú mi dùn pé ẹ ń kó wọn bọ̀. Kí wọ́n má wọ inú rẹ̀, kí wọ́n má sì mu ún. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí mo mọ ohun tí omi yẹn jẹ́ fún ìyá yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun máa ń rò pé ọ̀gbẹlẹ̀ kékeré oṣù kẹjọ máa ń mú kí odò wálẹ̀. Òótọ́ ni pé òjò máa ń dá díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n odò Ọ̀ṣun ṣì ń gbé òjò oṣù kẹfà àti ìkeje bọ̀ láti Ìgèdé-Èkìtì níbi tó ti ṣẹ̀. Ibì kan wà tí mo dúró sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́dún kan. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́dún kejì, lọ́sẹ̀ kan náà, omi ti bò ó, ewé ń yí po lórí rẹ̀. Ẹ tún fi èrò kún un. Lọ́jọ́ tí Arugbá bá gbé igbá dé, tí gbogbo ayé ń kí Yèyé, ẹ̀yìn ló ń ti iwájú. Ẹni tó wà létí omi ò ní agbára láti fà sẹ́yìn. Ẹ mú àwọn ọmọ dúró lọ́dọ̀ àwọn igi, kí ẹnì kan di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú.

Ní ti pípọ́n, kì í ṣe òjò nìkan. Àwọn tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ ilẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Ọ̀ṣun. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà. Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ bu díẹ̀, kí ẹ sè é. Síse ń pa kòkòrò, kò lè mú òjé tàbí mẹ́kúrì kúrò nínú omi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò gbọdọ̀ fi ikùn rẹ̀ dán an wò. Ó ń dùn mí gan-an pé odò tí àwọn baba wa fi òfin kà léèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ igbó rẹ̀ tàbí pẹja níbẹ̀, ni àwọn kan ń dà ẹrẹ̀ sí láti òkè, níbi tí ojú wa ò tó.

Ẹ wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ Arugbá, tàbí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí igbó dákẹ́. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé ní 2005. Ẹ fi àwọn ère han àwọn ọmọ, èyí tí Susanne Wenger ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ìyẹn Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tó gbé láàárín wa títí ó fi kú ní 2009. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ọ̀bọ. Ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ èyí ọdún mẹ́fà, wọ́n á gbà á.

Ẹ tún sọ ìtàn yìí fún wọn níbẹ̀. Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ń wá omi fún àwọn èèyàn wọn, wọ́n dé etí odò yìí. Wọ́n gé igi kan, igi náà wó sínú omi, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Àwọn ọmọ sábà máa ń fẹ́ràn ibi ìkòkò aró yẹn. Èmi, ibi tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn: Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n gòkè lọ sí ilẹ̀ tó ga, ibẹ̀ ló sì di Òṣogbo. Kóòṣì Ìṣẹri, bí ẹ bá ń ka èyí, tiyín náà wà níbẹ̀.

Kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n ní, "Oore Yèyé o." Kò dìgbà tí ẹsẹ̀ wọn bá rin kí wọ́n tó kí i.

Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ ọdún 14 ni mí, ìlú Reading ni à ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá mi ló bá mi tún Yorùbá mi ṣe. Mo wà nínú ẹgbẹ́ tó ń wa ọkọ̀ alájẹ̀ ní ilé ìwé wa lórí odò Thames. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọn ò ti jẹ́ ká wọ omi, wọ́n ní pátákó pupa wà lára géètì odò. Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn! Wọn ò kàn fẹ́ ká gbádùn ara wa ni?

Ọmọ dáadáa, o káre, Yorùbá rẹ dùn ún kà. Bá mi kí màmá rẹ.

Mo mọ odò rẹ. Ọmọ mi obìnrin ń gbé Reading, mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní 2024, lẹ́yìn ìjì tí wọ́n pè ní Henk. Mo rìn lọ wo Thames, nítorí pé mi ò lè dé ìlú kan kí n má wo odò rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí omi ti wọlẹ̀, ìjókòó onípákó kan dá dúró láàárín omi, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

Odò rẹ gùn tó 346 kìlómítà, Gloucestershire ló ti ń bọ̀. Òjò ibẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Odò Kennet tún wá pàdé rẹ̀ ní Reading níbẹ̀. Orí ilẹ̀ ẹfun ni Kennet ti ń ṣàn. Ilẹ̀ ẹfun máa ń mu òjò bíi kànìnkànìn, á wá máa tú u sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ojú ọ̀run ti mọ́. Nítorí náà, má fi oòrùn wọn odò.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o, ìyẹn Environment Agency, ló ń gbé pátákó wọ̀nyẹn kọ́. Aláwọ̀ ìyeyè tó ní omi ń le sí i, àti aláwọ̀ ìyeyè tó ní ó ti ń rọ̀: lábẹ́ méjèèjì, ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì bíi tìrẹ má jáde. Pupa ní kí gbogbo ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ rẹ tín-ínrín, ó fúyẹ́, ẹ̀yìn lẹ sì kọ sí ibi tí ẹ ń lọ. Bí omi bá gbé yín kọlu òpó afárá, tàbí ó fà yín lọ sí ibi tí omi ti ń já sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, àjẹ̀ ò ní ràn yín lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ rẹ fẹ́ràn rẹ ni. Tí o bá rí aláwọ̀ ìyeyè tó ní omi ti ń rọ̀, kọ déètì rẹ̀ sílẹ̀, kí o ka iye ọjọ́ tí wọ́n tó yọ ọ́. Fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Olùkọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. A fẹ́ kó àwọn ọmọ JSS 2 lọ wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìparí táàmù kẹta, lóṣù keje. Wọ́n ní ìgbà yẹn ló máa ń rẹwà jù. Kí lẹ rí sí i?

Òótọ́ ni, ìgbà yẹn ló máa ń rẹwà jù, torí omi pọ̀. Ìgbà yẹn náà ni òkúta rẹ̀ máa ń yọ̀ jù. Ìpele méje ni, àwọn ọmọ á sì fẹ́ gun gbogbo rẹ̀. Lóṣù keje, ẹ má kọjá ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n wò ó, kí ìrì rẹ̀ fọ́n sí wọn lójú, ó tó. Ẹ fi gígun rẹ̀ sí oṣù kejìlá tàbí ìkíní, nígbà tí omi kéré tí òkúta gbẹ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ há sórí. Òjò lè rọ̀ lórí òkè náà kó má kán sí yín lára nísàlẹ̀. Bí omi bá yí àwọ̀ padà lójijì, bí ewé àti ẹ̀ka igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá, bí ariwo rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn, ẹ má dúró ya fọ́tò. Gbogbo ọmọ, ó di òkè ẹ̀gbẹ́!

Bí àwọn òbí ò bá fọwọ́ sí i, ẹ kó wọn lọ sí ọgbà Agódi ní Ìbàdàn. Ní 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹranko sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Ní August 31, 1980, Ògùnpa kún, ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìbàdàn, ó sì gbé púpọ̀ nínú àwọn ẹranko ọgbà náà lọ. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó sórí koríko ibẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Ọmọ Láfẹ́nwá, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Ìbarà ni mo wà, mo ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Gbogbo ohun tí ò ń kọ, ti omi tó kún ni. Èmi fẹ́ bi ọ́ léèrè ti ìgbà tí omi bá fà. Níbo ni iyanrìn tí a máa ń jókòó sí láàárín odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ?

Ẹ káàárọ̀, Mà. Mo dọ̀bálẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo mọ iyanrìn tí ẹ ń wí. Tí oṣù kìíní bá ti dé, odò Ògùn á pín sí ojú méjì mẹ́ta, iyanrìn funfun á yọ láàárín. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń sá aṣọ sí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, nínú adágún kékeré tó bá ṣẹ́ kù láàárín àpáta, tí omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa nísàlẹ̀. Lálẹ́, àwọn àgbà á tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n á máa pàlọ́. Bí àwọn olórìṣà bá ń lọ bọ Yemọja, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, a óò dìde fún wọn.

Ohun méjì ló kó o lọ, Mà. Odò ló ń gbé iyanrìn wá láti òkè pẹ̀lú àkúnya. Láti ìgbà tí wọ́n ti dí Ọ̀yán, púpọ̀ nínú èyí tó yẹ kó gba ojú ọ̀nà yẹn wá ti ń rì sísàlẹ̀ adágún, kò kọjá ògiri mọ́. Èyí tó sì kọjá, àwọn tó ń wa iyanrìn fún ilé kíkọ́ ń kó o pẹ̀lú típà kó tó dúró. Odò tí wọ́n wa ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á máa ya, kò sì ní í fi ibi pẹlẹbẹ sílẹ̀ fún ọmọdé. Ibi tí ẹ ti ń wọ inú odò pẹ̀lú ìkòkò lórí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni báyìí.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ lóṣù kejì tó kọjá, kí n lè rí ohun tí màá sọ fún ẹni tó bá bi mí. Mo rí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àpáta kan. Kò ju ìwọ̀n ẹní méjì lọ. Ọmọbìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kó iyanrìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì ń fi ike pọ́n omi dà á sí i.

Bí ẹ bá lágbára, Mà, oṣù kejì ni kí a jọ lọ. Èmi ni màá di ọwọ́ yín mú sọ̀kalẹ̀.